Ìdí Tí Súpáfáísọ̀ Fi Kọ Bàsíà Rẹ̀

Adéjọkẹ́ aránṣọ ni ó kọ́kọ́ fi ẹjọ́ ológbò náà sùn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di imú, ó ń fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí ẹsẹ̀ ògiri.

"Ìyá Àdìzát, ẹ wá wo nǹkan tí ológbò yín ṣe. Ibi tí àwọn kọ́sítọ́mà mi máa ń jókòó sí gan-an ló tọ̀ sí. Kì í ṣe àkọ́kọ́ o."

Fàósátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àdìzát, sún mọ́ ògiri náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa imú fínfín bí ẹni tí wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀ fún, ó sì fajú ro.

"Hẹn-ẹn, ó mà ń rùn lóòótọ́," ni ó wí. "Má bínú, ọmọ mi. Mo ń bọ̀ wá fọ̀ ọ́."

Irọ́ ni. Imú Fàósátù kò gbóòórùn ohunkóhun. Bí wọ́n bá gbé òkú ẹja àti lọ́fínńdà síwájú rẹ̀ tí wọ́n sì di ojú rẹ̀, kò ní mọ èwo ni ká sá fún.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ẹ̀fọn, irú èyí tí a máa ń tanná ràn kí ó máa rú èéfín. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń kó o sínú páálí ni ó wà. Òórùn náà wọ aṣọ rẹ̀, ó wọ irun rẹ̀, ó bá a dé orí ibùsùn. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́, ó sì rò pé ó ti mọ́ òun lára ni. Ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀, tí èéfín ti kún ilé ìdáná kí ó tó bojú wẹ̀yìn, ni ó tó yé e pé imú ti fi òun sílẹ̀ lọ. Kò sọ fún ẹnì kan. Ìyá yìí lágídí, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Bí o bá gbé ọbẹ̀ wá fún un, á ṣí i, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó mà ń ta sánsán o." Orí ìwọ tí o sè é á wú, o ò ní mọ̀ pé ojú ni ó fi rí ata.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn àgbà máa lọ sílé, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n fún un ni ó fi kọ́ ilé adìẹ kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ijoko. Òròmọdìẹ tó kọ́kọ́ kó wá, òtútù ọyẹ́ àti àìsí iná gbá wọn lọ. Àdìzát, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Adó-Odò wá kí i kú ìrọ́jú. Ó bá a kó òkú adìẹ, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Yàrá wà nílẹ̀. Kí lẹ tún ń pa ara yín sí?"

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, Fàósátù sì mọ̀. Ó fẹ́ràn ọkọ Àdìzát náà, nítorí ọmọlúàbí ni. Àmọ́ obìnrin tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun láti ìgbà tí kò tíì pé ogún ọdún kò fẹ́ lọ jókòó sí pálọ̀ àna kí ó máa retí abọ́ oúnjẹ. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àwọn adìẹ yìí bá tún kú, òun á di ẹrù òun, òun á sì tẹ̀ lé e lọ sí Adó-Odò láìjanpata. Àdìzát gbà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Ológbò náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú àwọn òròmọdìẹ tuntun tí ó fẹ́ kó wá. Eku ló ń da Fàósátù láàmú nínú yàrá tó ń kó oúnjẹ adìẹ sí, ni ó bá gba akọ ológbò kan, funfun kùjẹ̀rẹ́kùjẹ̀rẹ́, lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjà Ọ̀tà. Àràárọ̀ ni ológbò yìí máa ń rìn yípo àpò oúnjẹ, á dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á wò ó tìfura-tìfura, á tún sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gá kan ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ní ilé-iṣẹ́. Fàósátù rẹ́rìn-ín títí, ó sì sọ ọ́ ní Súpáfáísọ̀. Láti ìgbà náà, eku wábi gbà.

Kò lè jẹ́ kí ó máa jẹ̀ káàkiri lálẹ́, nítorí àwọn tó ń fi ológbò ṣe ẹran ọbẹ̀ kò jìnnà sí Ijoko. Ó rántí pé ìyàwó ọ̀gá wọn, ará Íńdíà, ní ológbò tó máa ń yàgbẹ́ sínú abọ́ tí wọ́n bu yanrìn sí. Òun náà wá bàsíà ṣiṣu kan, ó bu iyẹ̀ pákó sí i, ìyẹn èyí tí ayùn ń tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń la igi, ó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá oúnjẹ adìẹ. Súpáfáísọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, á fi ọwọ́ wa iyẹ̀ pákó bò ó, á gbọn ẹsẹ̀ nù, á jáde bí ẹni tó ti fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ọmọ ènìyàn tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọgbà náà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dun Fàósátù. Ológbò tí kò ṣe àṣìṣe rí wá ń tọ̀ kiri. Ó tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà Adéjọkẹ́, ó tọ̀ sórí páálí, ó yàgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ bàsíà náà kọjá bí onígbèsè tó rí ẹni tó jẹ lówó ni. Fàósátù da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó bu iyẹ̀ pákó tuntun sí i. Ológbò wò ó, ó yí padà. Ó tún bu òmíràn, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ni èyí bá tún burú sí i.

"Owú ló ń jẹ," ni Adéjọkẹ́ sọ, bó ti ń fẹsẹ̀ wa máṣìnnì rẹ̀. Yàrá iwájú ilé Fàósátù ni ó yá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìdúró kí wọ́n bi í. "Ó ti rí i pé ẹ ń tún ilé ṣe de àwọn òròmọdìẹ. Ó mọ̀ pé ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ìyá Àdìzát, ẹ gbé e fún àwọn onígaàrí ní Ọ̀tà, ológbò ni wọ́n ń wá kiri nítorí eku. Ara mi ò gbà á mọ́, ẹ má bínú. Àti ìtọ̀ rẹ̀, àti òórùn ilé tí wọ́n ń kan òrùlé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, wọ́n fẹ́ pa mí."

Òótọ́ ni pé wọ́n ń kan òrùlé ilé tuntun kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ní Ijoko, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í kan òrùlé ibì kan, wọn kì í sì í gbé pákó sókè láìkọ́kọ́ kun ún ní oògùn ikán, epo dúdú kan tí òórùn rẹ̀ máa ń bo àdúgbò. Gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti fẹ́ sí wọn nímú, wọ́n á ní, "Ẹnì kan ń kọ́lé," wọ́n á sì kí onílé kú oríire nínú ọkàn wọn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tó ti ń wá.

Fàósátù ronú sí ọ̀rọ̀ àwọn onígaàrí náà. Ó dùn ún, àmọ́ Adéjọkẹ́ jẹ́ ọmọ dáadáa, kò sì fẹ́ kí ó kó kúrò. Ó pinnu pé bí àwọn òròmọdìẹ bá ti wọlé tán, òun á gbé Súpáfáísọ̀ lọ sí Ọ̀tà.

Ní ọjọ́ tí àwọn òròmọdìẹ ń bọ̀, gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Ó ti da iyẹ̀ pákó sí ilẹ̀ ilé adìẹ, ó nípọn, ó tẹ́ bí bẹ́ẹ̀dì. Àpò ńláńlá ni Gbọ́ládé, onípákó tó ń ta á fún un láti ilé ìlagi rẹ̀, fi ránṣẹ́, láti inú rẹ̀ náà sì ni ó ti ń bù fún ológbò. Ojú ta á díẹ̀ nígbà tó ń dà á, ó ka ìyẹn sí eruku. Ó ti ta ọ̀rá bo gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn má baà wọlé pa àwọn ọmọ náà, ó ti wa ẹ̀yinná sínú ìkòkò tí yóò mú ilé gbóná. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síbẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé bàtà àlejò máa ń kó àrùn wọ ilé adìẹ. Adéjọkẹ́ kò tilẹ̀ mọ bí inú ibẹ̀ ti rí.

Ó wọ yàrá oúnjẹ adìẹ láti lọ mú abọ́ omi tí àwọn òròmọdìẹ yóò ti máa mu. Abọ́ náà, tí ó ti fọ̀ tí ó sì fi gbẹ, ti kún fún ìtọ̀ ológbò.

Inú bí i. Ó na ọwọ́, ó gbá Súpáfáísọ̀ mú ní awọ ẹ̀yìn ọrùn, ó gbé e lọ sídìí bàsíà. "Ibí ni," ni ó wí. "Ibí ni ilé ìgbẹ́ rẹ. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" Ó tẹ orí rẹ̀ sí i. Ológbò tó máa ń jókòó lé e lẹ́sẹ̀ bó bá ń kírun yí padà di ẹkùn. Ó ha á lọ́wọ́ gààràgà, ó sín, ó tún sín, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Oògùn wo ló wà níbẹ̀ tí o ń sá fún?" Ìyá arúgbó kúnlẹ̀. Kí ó lè fi han ẹranko náà pé kò sí nǹkan kan, ó di etí bàsíà mú, ó sì ki ojú ara rẹ̀ bọ inú rẹ̀ dé ọrùn. Ó mí kanlẹ̀.

Imú kò sọ nǹkan kan. Ojú ni ó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni tí wọ́n fún àlùbọ́sà sí, omi ń dà pòròpòrò. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń ho. Ó gbé orí sókè, kò ríran dáadáa, ó nu ojú rẹ̀ mọ́ ìborùn, ó wo ológbò. Ológbò náà ń wò ó. Omi ojú ni àwọn méjèèjì ń sun.

Fàósátù jókòó sílẹ̀. Ohun tó wà nínú bàsíà yìí, òun náà ló wà nílẹ̀ ilé adìẹ láti igun dé igun, pẹ̀lú iná tó ń mú un gbóná àti ọ̀rá lójú fèrèsé.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sáré lọ bá Adéjọkẹ́. Ó na ọwọ́ sí i. "Bá mi gbóòórùn èyí."

Adéjọkẹ́ fa orí sẹ́yìn kí ọwọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyá Àdìzát, oògùn ikán nìyẹn. Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"N ò gbọ́ ọ," ni Fàósátù wí. Ó wá sọ èyí tí kò sọ rí. "N kì í gbóòórùn, Jọkẹ́. Ó ti pẹ́. N ò gbóòórùn ìtọ̀ ológbò yẹn rí látìgbà tí o ti ń pè mí wá wò ó. Imú mi ti kú."

Adéjọkẹ́ wò ó. Fàósátù ń retí kí ó rẹ́rìn-ín, tàbí kí ó káàánú òun, kò mọ èwo ló le jù. Ọmọ náà kò ṣe méjèèjì. Ó dìde nídìí máṣìnnì, ó wọ́ ìró rẹ̀ sókè, ó so ó gìrì.

"Ìgbà wo ni wọ́n ní wọ́n ń gbé àwọn adìẹ dé?"

Bí ẹni pé òun ló ń dá a lóhùn, fóònù Fàósátù dún. Awakọ̀ tó ń gbé òròmọdìẹ kiri ni. "Màmá, a ti wà lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó. À ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí."

Ẹ ò tíì rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rá fèrèsé ya. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀ pákó jáde, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá ìyókù, eruku bo orí àwọn méjèèjì. Adéjọkẹ́ fi ìbòjú di imú, ó ń wúkọ́, kò dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tú ìbòjú náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì, ó ń fi imú wá igun kọ̀ọ̀kan kiri. "Ó kù díẹ̀ níbí," á wí, Fàósátù á sì gbá ibẹ̀. "Ó kù níbí náà." Bí àlejò bá wọlé ní àkókò yẹn, ohun tí yóò sọ fún ará ilé rẹ̀ kò ní dára.

Ó ku ohun tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀. Adéjọkẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́ odindi ìdì bébà jáde, èyí tó fi ń gé àwòṣe kí ó tó gé aṣọ gan-an, gbogbo rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Fàósátù ní kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó ń tẹ́ ẹ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, atẹ́gùn ti gba inú ilé náà kọjá, iná ti tún ràn, bébà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ṣí páálí. Igba òròmọdìẹ tú síta, wọ́n ń ké, wọ́n sì yí iná ká. Fàósátù wò wọ́n. Ó fara ti òpó, ó ń sọ pé, "Alihamudulilai. Alihamudulilai."

Ó pe Gbọ́ládé lórí fóònù. Ọkùnrin náà gun ọ̀kadà wá, ó bu iyẹ̀ pákó náà, ó gbé e sí imú, ó sì ká ọwọ́ lérí. Láìpẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun pákó òrùlé lóògùn fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkìtì iyẹ̀ pákó ni ó sì fi àgbá epo náà sí. Àgbá náà ti ń jò sábẹ́ òkìtì. Imú òun àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ òórùn náà jù, wọn kò fura.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ẹ foríjì mí. Ẹnì kan ṣì wà tó gbà á." Ibẹ̀ ló dúró sí tó fi pe ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ lọ́nà Adó-Odò. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni òròmọdìẹ tirẹ̀ ti wà lórí iyẹ̀ pákó náà. Wọ́n ti ń ya ẹnu mí, àwọn mìíràn ti sùn tí wọn kò jí mọ́. Fàósátù gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti inú fóònù, bí ó ti ń kígbe sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn tó kù jáde. Ó pinnu pé òun á lọ kí i. Ó mọ̀ pé òun ni ìbá máa ké bẹ́ẹ̀, tí ẹrù òun ìbá sì máa lọ sí Adó-Odò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò sì tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa ń padà lọ kí ẹni tó ṣe wá lóore, kí a ní ẹ ṣé àná. Fàósátù kì í fi èyí ṣeré. Bí ó ti kírun àárọ̀ tán, tó sì rí i pé gbogbo òròmọdìẹ rẹ̀ wà láàyè, wọ́n ń ṣa oúnjẹ lórí bébà, ó pe Àdìzát. Ó jẹ́ kí ó gbọ́ ariwo wọn. Ó sọ ọ̀rọ̀ imú rẹ̀ fún un náà, gbogbo rẹ̀, láti orí ẹ̀wà tó jóná. Àdìzát sunkún díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa Adó-Odò.

Lẹ́yìn náà ni ó bu ẹja sínú abọ́, tútù, tí kò ní iyọ̀, ó gbé e lọ sí yàrá oúnjẹ adìẹ. Ó ti bu yanrìn tó mọ́ sínú bàsíà láti ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ín sì ti lò ó, ó ti bò ó. Súpáfáísọ̀ jókòó lórí àpò kan, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Fàósátù gbé abọ́ náà kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Nígbà tí kò rí ẹnì kan, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ológbò.

"O ṣé àná," ni ó wí. "Mo fẹ́ gbé ẹ fún onígaàrí. Mo tẹ orí ẹ bọ nǹkan tó ń ta ẹ́ lójú. O ṣé. Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà."

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Adéjọkẹ́ ni. Kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun wá bá wọn gbóòórùn ilé adìẹ kí oòrùn tó mú. Ó rí ìyá arúgbó lórí eékún, ó rí ẹja, ó rí ológbò. Ojú ti Fàósátù, ó fẹ́ dìde.

Adéjọkẹ́ kò jẹ́ kí ó dìde. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ ṣé àná, sà," ni ó wí fún ológbò náà.

Súpáfáísọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àpò, ó wo àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ jẹ ẹja rẹ̀.